Yamaha Enduro 40 lórí Odò Ọya: ohun tó yẹ kí atukọ̀ mọ̀ kó tó rà á

Ní èbúté Lọ́kọ́ja, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò, ọ̀kadà àti iṣu kọjá sí Shintaku ní òdìkejì odò, ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí ojú máa ń kọ́kọ́ bà lẹ́yìn ọkọ̀ onígi ni Yamaha Enduro 40. Òun la fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí, fún àwọn ará Òwórò, Bùnú àti Kàbà tí wọ́n fẹ́ fi owó wọn ra ọkọ̀, àti fún ọ̀dọ́ tó ti pinnu pé ìwakọ̀ lòun yóò fi ṣe iṣẹ́ jẹun, ìbáà ṣe lórí omi tàbí lójú ọ̀run. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ibi tí a dúró sí: ẹ́ńjìnnì yìí dára fún odò wa, ó dára gan-an, àmọ́ fún atukọ̀ tó ń wo ẹ̀rọ rẹ̀ ni o. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó ń pa á ló máa ń fi àmì hàn kó tó pa á. Ẹni tí kò bá wo àmì náà ló ń sọ pé ẹ́ńjìnnì náà kò ní láárí.

Alágbára ẹṣin 40 ni. Sílíńdà méjì ló ní, ààyè inú wọn jẹ́ 703 cc, ó sì jẹ́ irú tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tù-sítírọ́ọ̀kì, ìyẹn èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa kò ní bátìrì, kò sì ní kọ̀ǹpútà. Okùn la fi ń fà á. Ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀ náà la ń yí kó lè sáré tàbí kó rọra. Ó wúwo tó bíi kìlógíráàmù 70, ọkùnrin méjì á gbé e láti ilé dé etí odò. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, òfin èéfín ti lé irú tù-sítírọ́ọ̀kì oníkábúrétọ̀ bẹ́ẹ̀ (kábúrétọ̀ ni ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn) kúrò nínú ọjà ẹ́ńjìnnì tuntun. Lọ́dọ̀ wa ó ṣì ń jọba, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Bó bá kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn kan lókè Lọ́kọ́ja, sípánà púlọ́ọ̀gì, sùkúdíráfà, píláyà àti wáyà tín-ín-rín kan ti tó láti mọ ohun tó ṣe é, ó sì sábà máa ń tó láti jí i. Fọ́ọ̀-sítírọ́ọ̀kì, ìyẹn èyí tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, tó bá ní kọ̀ǹpútà, kì í gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ létí odò.

Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ó ń mu epo. Bí ẹ bá yí i dé òpin, ẹ ka lítà 15 sí 20 sí i ní wákàtí kan. Fọ́ọ̀-sítírọ́ọ̀kì tí agbára wọn jọ dọ́gba lè dín tó ìdá mẹ́ta epo yẹn kù. Fún ẹni tó kàn ń sọdá lọ sọdá bọ̀, tó sì ń dúró de èrò ní èbúté fún ìgbà pípẹ́, ìyàtọ̀ náà kò tètè san owó gọbọi tí fọ́ọ̀-sítírọ́ọ̀kì fi lé e. Fún ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ sáré lọ sí ìsàlẹ̀ odò níhà Idah, ẹ mú bírò àti ìwé kí ẹ tó sanwó. Ó ṣeé ṣe kí Enduro má ṣe èyí tó yẹ yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í béèrè ni gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú wà fún ìdí ọkọ̀ tó ga tó ìǹṣì 15, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wà fún ti ìǹṣì 20. Ẹ fi téèpù wọn ìdí ọkọ̀ yín láti etí òkè ibi tí ẹ́ńjìnnì yóò jókòó sí títí dé ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀, kí ẹ tó lọ sọ́jà. Nígbà tí ẹ bá gbé e kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo pẹpẹ irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lókè pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ síwájú: ó gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó rẹlẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí ìǹṣì kan. Bó bá ga jù, pùròpẹ́là yóò máa jẹ atẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké, ọkọ̀ kò ní lọ. Bó bá rẹlẹ̀ jù, omi yóò máa fà á sẹ́yìn, yanrìn oṣù kẹta yóò sì máa kàn án. Àwọn kan máa ń fi pákó kún ìdí ọkọ̀. Kò burú, kó ṣáà jẹ́ igi líle tí bóòtù gba àárín rẹ̀ kọjá, kì í ṣe èyí tí ìṣó nìkan dì mú. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì máa ń tú súkúrù tó fi di ọkọ̀ mú díẹ̀díẹ̀. Ẹ dì í lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi ṣéènì tàbí okùn líle so ó mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó já sínú Ọya lákòókò ẹ̀kún omi, ó lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló ń pa ọmọ tuntun nínú iṣẹ́ yìí jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kọjá ìgbà ìtujú, ìyẹn wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí a fi ń mú ẹ̀rọ tuntun mọ́ iṣẹ́ lára, ìdá àádọ́ta la ń po ọ́ìlì sí, ìyẹn ọ́ìlì kan sí epo àádọ́ta. Nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí gbogbo wa mọ̀, ìdajì lítà ọ́ìlì ni. Fún wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ẹ́ńjìnnì tuntun bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: lítà kan gbáko nínú kẹ́ẹ̀gì 25. Ẹ ṣì ka ìwé tó bá a wá nínú páálí, nítorí irú rẹ̀ pọ̀, ohun tí ìwé náà bá sì sọ lòfin. Ẹ dà á báyìí: epo lítà bíi márùn-ún sínú kẹ́ẹ̀gì, ọ́ìlì lé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ tó da epo tó kù sí i. Ẹni tó bá da ọ́ìlì sínú táǹkì lẹ́yìn tí epo ti kún, ìsàlẹ̀ ni ọ́ìlì náà yóò sùn sí. Ọ́ìlì nìkan ni ẹ́ńjìnnì yóò kọ́kọ́ fà, tí púlọ́ọ̀gì yóò sì rẹ. Tó bá yá, epo tí kò ní ọ́ìlì ni yóò máa mu, ibẹ̀ ni písítìnì ti ń ha.

Irú ọ́ìlì náà ńkọ́? Kí wọ́n kọ TC-W3 sí ara ike rẹ̀. Èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń lò fún tù-sítírọ́ọ̀kì tiwọn kọ́ nìyẹn. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà lára, ó ń gbóná ju tiwa lọ, wọ́n sì fi èròjà tó ń fi eérú sílẹ̀ sínú ọ́ìlì rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tí omi ń tù, eérú yẹn á lẹ̀ mọ́ orí písítìnì àti púlọ́ọ̀gì, á sì di ẹyin iná tó ń tan epo kí àkókò rẹ̀ tó tó. Ẹ ó gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ gbá irin. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ sórí ọ́ìlì, orí písítìnì lẹ óò ti san án.

Ìtujú kò gba agbára, sùúrù ló gba. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó máa kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àádọ́ta ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kó kọjá ìdajì agbára rẹ̀. Wákàtí kejì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kó mọ. Wákàtí mẹ́jọ tó kù, ẹ lè yí i dé òpin, àmọ́ kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ tó sì kó èrò kún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà ti jẹ nínú ọjọ́ orí rẹ̀.

Títan án kò le, ṣùgbọ́n ètò wà níbẹ̀. Ẹ tú ihò atẹ́gùn orí ìdérí táǹkì. Ẹ fún bọ́ọ̀lù rọ́bà ọ̀nà epo, kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sókè, títí yóò fi le lọ́wọ́. Jíà sí fírì. Okùn ìpaná, èyí pupa yẹn, sí ọwọ́ tàbí bẹ́líìtì atukọ̀, kì í ṣe sí ara ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ fa ṣóòkì. Ẹ rọra fa okùn títí yóò fi ta kú lọ́wọ́ yín, kí ẹ tó wá fà á tagbára-tagbára. Gbàrà tó bá ti jí, ẹ ti ṣóòkì padà. Bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan tó sì kú láàárín odò, ẹ wo bọ́ọ̀lù rọ́bà náà ná. Bí ẹ bá bá a tó ti rún pẹlẹbẹ, ihò atẹ́gùn lẹ gbàgbé láti tú. Òun ló sábà máa ń fà á. Omi inú epo ni ẹlẹ́ẹ̀kejì ọ̀ràn tó wọ́pọ̀. Ẹ fi àrọ tó ní asẹ́ sẹ́ epo, ẹ má sì da ìka méjì ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú táǹkì.

A dé orí ohun tó ṣe pàtàkì jù: omi ìtọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí ń fa omi odò wọlé láti ẹsẹ̀ rẹ̀ láti fi tu ara rẹ̀, ó sì ń tọ díẹ̀ jáde láti ihò kékeré kan lẹ́yìn. Omi náà gbọ́dọ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́yìn tó bá jí, kó sì lágbára tó láti na tààrà kó tó tẹ̀ sínú odò. Nínú ẹsẹ̀ náà, rọ́bà kan wà tó rí bí òdòdó, apá rẹ̀ pọ̀, òun ló ń yí tó ń ti omi sókè. Ìmpẹ́là ni wọ́n ń pè é. Yanrìn ni ọ̀tá rẹ̀. Láti bí oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, nígbà tí Ọya bá fà tí òkìtì yanrìn yọrí síta, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bá wú yanrìn sókè ni ìmpẹ́là ń gbé iyanrìn mì, tó sì ń ha ilé tó ń yí nínú rẹ̀. Tí ìmpẹ́là bá yí láìsí omi, kódà fún ìṣẹ́jú kan, apá rẹ̀ ti ń jóná. Nítorí náà ẹ má ṣe jí i lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti fi han olùrà.

Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá tín-ín-rín tàbí tó dáwọ́ dúró, ẹ má sáré tú ẹsẹ̀ rẹ̀ palẹ̀. Wáyà tín-ín-rín lẹ óò kọ́kọ́ fi gún ihò ìtọ̀ náà, torí hóró yanrìn kan lè dí i nígbà tí omi inú lọ́hùn-ún ṣì ń lọ dáadáa. Bí kò bá yí padà, ẹ pa á, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ wo ojú ihò tó ń gba omi wọlé. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló sábà máa ń wé mọ́ ọn ní àgbègbè èbúté. Nígbà ẹ̀kún omi, koríko ojú omi ni. Bí ibẹ̀ bá mọ́ tí kò sì tọ̀ síbẹ̀, ìmpẹ́là ló kù. Láàárín gbogbo èyí, ẹ má fi ipá wakọ̀ dé èbúté pé ó kù díẹ̀. Òórùn ọ̀dà tó ń jóná àti agbára tó ń dínkù fúnra rẹ̀ ni àmì ìkẹyìn tí ẹ óò rí. Bó bá gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá da omi tútù lé irin gbígbóná lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ là á.

Ẹ pààrọ̀ ìmpẹ́là lọ́dọọdún, kí oṣù kẹta tó wọlé. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì wa ni pé irin kékeré kan wà tó ń so ìmpẹ́là mọ́ ọ̀pá tó ń yí i. Kò tóbi ju èékánná lọ, ó rọrùn láti bọ́ sínú yanrìn, láìsí òun ìmpẹ́là tuntun kò ní yí. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kí ẹ tó tú u. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa rọ́bà tuntun lára, ẹ máa yí ọ̀pá náà sí apá ọ̀tún bí ẹni tó ń wò ó láti òkè bí ẹ ti ń ti ilé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí apá rọ́bà lè tẹ̀ sí ibi tó yẹ. Lákòókò tí omi bá pọ́n tó sì nípọn fún ẹrẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sínú dúrọ̀ọ̀mù omi mímọ́ lópin ọ̀sẹ̀, kó ṣiṣẹ́ ní fírì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Jíà ìsàlẹ̀ ní ọ́ìlì tirẹ̀, ibẹ̀ ni atukọ̀ ti lè kọ́ ọgbọ́n lára àwọn tó ń wa hẹlikópítà. Awakọ̀ òfurufú kì í gbéra láìkọ́kọ́ yí ọkọ̀ rẹ̀ po, kó fojú wò ó, kó fọwọ́ kàn án. Nínú àpótí jíà tó ń yí abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà, mágínẹ́ẹ̀tì kan wà tó ń gbá èérún irin mú. Bí èérún náà bá pọ̀ tó, iná kan á tàn níwájú awakọ̀, á sì wá ibi tí yóò bà sí. Enduro kò ní iná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Yamaha, súkúrù tí a fi ń sẹ́ ọ́ìlì jíà ní mágínẹ́ẹ̀tì lórí. Ojú yín ni iná rẹ̀. Ẹ tú súkúrù ìsàlẹ̀, ẹ gbé kọ́ọ̀bù sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó tú ti òkè kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ fi súkúrù náà sí oòrùn. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ bá rí bí àtíkè dúdú tó kúnná, tí ìka ń nù kúrò, irin ló ń lọ ara wọn bó ti yẹ. Bó bá gún ìka bí ẹ̀gún, tí ó ń dán gẹ́gẹ́ bí ìfọ́ abẹ́rẹ́, eyín jíà ti ń já, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́ títí wọn yóò fi tú jíà náà wò.

Ẹ wo ọ́ìlì náà pẹ̀lú. Bó bá funfun bí wàrà tàbí bí ògì, omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ fa pùròpẹ́là yọ, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ní odò tí apẹja pọ̀ bíi tiwa, òwú àwọ̀n tó wé mọ́ ọ̀pá ló sábà máa ń gé ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, tó sì ń dí omi mọ́ta. Ẹ pààrọ̀ síìlì náà kí ẹ tó da ọ́ìlì tuntun. Ìsàlẹ̀ la ti ń fún ọ́ìlì sókè títí yóò fi yọ lójú ihò òkè. Ẹ dí ti òkè ná, kí ẹ tó yára dí ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń dà á láti òkè ń há atẹ́gùn mọ́ inú jíà, àìtó ọ́ìlì ló sì ń bá kiri. Wákàtí ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ni kó mọ kí ẹ tó tún un pààrọ̀.

Pùròpẹ́là àti ẹrù ni ọ̀rọ̀ tó kù tí àwọn olówó ọkọ̀ kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí kó máa yí láàárín ìgbà 4,500 àti 5,500 ní ìṣẹ́jú kan bí a bá yí i dé òpin. Bí ẹrù bá wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dé 4,500, kò sáré, kò sì sinmi: ó ń gbóná, ó ń kó èédú sínú, ó ń mu epo. Ọkọ̀ onígi tó ń gbé ẹrù wúwo ní láti lo pùròpẹ́là tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ (ibi tó ń ti ọkọ̀ dé bó bá yí lẹ́ẹ̀kan) kúrú, ìyẹn èyí tí nọ́ńbà ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ kéré, kì í ṣe èyí tó bá ẹ́ńjìnnì wá fún ọkọ̀ fàíbà fífúyẹ́. Púlọ́ọ̀gì á sọ fún yín: àwọ̀ rẹ̀ bí ti kòkó ni ó dára, funfun ń sọ pé ó ń gbóná jù, dúdú tó rẹ fún ọ́ìlì ń sọ pé epo tàbí ọ́ìlì pọ̀ jù.

Kò sí pùròpẹ́là tó lè sọ àpọ̀jù ẹrù di ẹrù tó tọ́, bó ti wù kó rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọkọ̀ tó kó àwọn oníṣòwò láti Kogi lọ sí ọjà Katcha ní Ìpínlẹ̀ Niger rì, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn sì lọ sí i. Ẹ́ńjìnnì 40 kan kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ mọ́ ìdí ọkọ̀ gígùn tó kún fọ́fọ́ fún èrò. Bí ó bá kú láàárín ìṣàn, ọkọ̀ náà kò ní agbára láti kọjú sí omi, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbé fún un. Ọ́fíìsì àgbà àjọ NIWA tó ń rí sí ojú omi orílẹ̀-èdè yìí wà ní Lọ́kọ́ja níbí. Wọ́n ní kí ọkọ̀ èrò má rìn lóru, kí gbogbo èrò sì wọ ẹ̀wù amúnilefòó. Nígbà tí ẹ bá ń ka owó tí ẹ óò fi ra ẹ́ńjìnnì, ẹ ka owó ẹ̀wù náà mọ́ ọn, ọ̀kan fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí bẹ́líìtì rẹ̀ sì lè di mú.

Ìyókù ni ọjà. Ayédèrú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀, pàápàá ìmpẹ́là: ojúlówó máa ń rọ̀ lọ́wọ́, ẹ tẹ apá rẹ̀ wò, ó gbọ́dọ̀ na padà lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́, ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ lára ẹsẹ̀ tó fi di ọkọ̀ mú, kí ẹ sì rí i pé wọn kò fi fáìlì ha á. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì, kí mẹkáníìkì fi géèjì wọn agbára sílíńdà kọ̀ọ̀kan: kí méjèèjì jọra, kí ọ̀kan má fi ju ìdá mẹ́wàá kéré sí èkejì. Ẹ tú súkúrù jíà, kí ẹ wo ọ́ìlì àti mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ di ẹsẹ̀ pùròpẹ́là mú, ẹ gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, bíárì ti jẹ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé e sínú dúrọ̀ọ̀mù, kí wọ́n jí i, kí ẹ dúró tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ ń wo ìtọ̀ rẹ̀. Kó tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá. Bí ẹni tó ń tà á kò bá jẹ́ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ fún un.